Bátìrì Kọ̀ǹpútà Tó Wú

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan ti yọ gọnbu nídìí, kò jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́. Ṣé ó ṣì ṣeé lò?

Ìdáhùn: Kí ẹni tó ni ín pa á, kó yọ ṣájà rẹ̀, kó má sì tún tàn án. Gáàsì ló kún inú bátìrì lithium náà. Ọjọ́ orí, ooru, tàbí kó máa wà lórí ṣájà tọ̀sán-tòru ló sábà ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan á ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Áà! Ohun tó ń dáná sun ilé gan-an nìyẹn. Kódà bátìrì tí kò wú ń fa wàhálà: lọ́dún 2019, Apple pe àwọn MacBook Pro oní-íǹṣì 15 kan padà torí pé bátìrì wọn lè gbóná jù, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí bátìrì náà bá jẹ́ irú èyí tó ń yọ láti ìta, tó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kó yọ ọ́. Bó bá há, kó má fi irin yọ ọ́ tipátipá. Kó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá oníṣẹ́ tó mọṣẹ́, irú àwọn tó kún Computer Village n'Íkẹjà. Kó tó gbé e lọ, lóde ni kó wà, jìnnà sí oòrùn, jẹnẹrétọ̀ àti sílíńdà gáàsì; bátìrì tó bá sì ti jáde, inú korobá onírin tó ní yanrìn gbígbẹ ni kó wà. Bátìrì náà kì í ṣe ohun tí à ń jù sí ààtàn: ọkọ̀ akólẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àtúnlò ẹ̀rọ àlòkù ló yẹ kó gbà á.

Ti fọ́tò àti fáìlì inú kọ̀ǹpútà náà kò le: inú hard disk ni wọ́n sábà ń wà, oníṣẹ́ náà lè yọ ọ́ sọ́tọ̀.