Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kì wò dáadáa kí ẹ tó sanwó

Bí ọ̀kadà bá ń kó iṣu àti èrò láti Ìpáò lọ sí Ìkọ̀lé-Èkìtì, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ń jìyà kòtò ojú ọ̀nà. Bí èyí tó bá ọ̀kadà wá bá bàjẹ́, ẹ ó ra òmíràn lọ́jà.

Ọ̀pọ̀ a máa fọwọ́ tẹ ṣọ́ọ̀kì, bó bá ti le, wọ́n á ní ojúlówó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríńgì ló ń gbé ẹrù, ọ́ọ̀lì inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀kadà máa fò sókè-sódò. Bí ọ́ọ̀lì bá jò tán, táyà kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa, èrò ẹ̀yìn sì wà nínú ewu.

Àkọ́kọ́, ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sọ́jà. Ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀. Tuntun gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba.

Ìkejì, ẹ wo ọ̀pá dídán rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ ha, kò gbọ́dọ̀ rin fún ọ́ọ̀lì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kó rọra padà.

Ìkẹta, méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀.

Ẹ má tìtorí ọjà pọ́ọ́kú pàdánù. Ká ní ojúlówó jẹ́ ₦30,000, tó lo ọdún kan, tí ayédèrú jẹ́ ₦18,000, tó lo oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó ra ayédèrú lọ́dún: ₦54,000 nìyẹn, láìka owó mẹkáníìkì àti ọjọ́ tí ẹ kò ṣiṣẹ́. Ẹ gba rìsíìtì o.