Ọtí àti Oògùn Olóró ní Ibi Iṣẹ́ Yunifásítì

Kì í ṣe ọtí tí òṣìṣẹ́ mu lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló léwu. Ìgò bíà ńlá kan, ti sẹ́ńtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí nínú. Nǹkan bíi gíráàmù 10 ni ẹ̀dọ̀ lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní wákàtí kan. Nítorí náà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì yunifásítì tó mu ìgò 4 lálẹ́ lè má tíì yẹ lẹ́ni tí ń wakọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Kọfí tàbí omi tútù kò lè mú un yá.

Ní ọdún 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú àti kíkó o wọlé. Tramadol ṣì jẹ́ oògùn ìrora tí dókítà lè kọ. Àlòjù rẹ̀ lè fa gìrì. Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n kọ ọ́ fún kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó bi dókítà bóyá òun lè máa lo ẹ̀rọ.

Ibi tí ọ̀gá ti sábà ń ṣìṣe ni pípàṣẹ fún ẹni tí ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ pé kó dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kó máa làágùn. Gìrì tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn lè tẹ̀ lé e, ó sì lè pa á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ rán an lọ. Òṣìṣẹ́ ìlera lè fún un ní diazepam àti fítámì B1. Ohun tó bá sọ níbẹ̀, àṣírí ni. Kò gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ọ̀gá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i.