Ẹ Ka Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Pa Á



Tí ẹ bá gbin òwú, tí ihò kan hù, tí èkejì kò hù, ẹ gbẹ́ ibẹ̀ wò láàárọ̀. Ẹ lè bá kòkòrò gígùn ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ má tíì gbé oògùn. Oríṣi méjì ni, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Ọ̀kùn: Ara rẹ̀ rí róbótó. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ká jọ. Ní àárín ara rẹ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àwọn irú kan máa ń jẹ òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù àti ẹ̀pà.

Tanísánkó inú ilẹ̀: Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó pọ́n tàbí kó jọ àwọ̀ ìyeyè, kò ní ojú. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì péré. Bí ẹ bá ka ẹsẹ̀ apá kan, ẹ máa rí láti 27 títí dé 191, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Iye náà kì í ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Kì í jẹ òwú. Ọmọ kòkòrò àti ekòló ló ń fi èékánná olóró rẹ̀ mú jẹ. Ìyá rẹ̀ á ká ara yí ẹyin rẹ̀ ká láti ṣọ́ ọ.

Àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo tanísánkó ní Chilopoda. Ti inú ilẹ̀ yìí jẹ́ agbo kan nínú rẹ̀, Geophilomorpha, tó pín sí ìdílé-ìdílé. Oryidae jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ilẹ̀ olóoru ló pọ̀ sí. O. F. Cook, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní Làìbéríà, ló fún ìdílé náà lórúkọ ní 1896. Òun kan náà tún ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí òwú.

Ẹ ṣọ́ra fún tanísánkó ńlá tó ní ẹsẹ̀ 21 tàbí 23 lápá kan: ó ń bùni jẹ, ó sì ń dunni gan-an.

Ohun tí ẹ óò ṣe:
1. Bí ọ̀kùn bá pọ̀ nínú ihò, ẹ kó díẹ̀ sínú ìgò fún olùdámọ̀ràn yín, kí ẹ sì tètè tún ihò náà gbìn.
2. Bí ó bá jẹ́ tanísánkó nìkan, ẹ dá a padà sínú ilẹ̀, kí ẹ wá ìdí mìíràn: ilẹ̀ tó le lórí, hóró tí a gbìn jìn jù, tàbí omi tó dúró.

Oògùn tí ẹ bá dà lé tanísánkó lórí, ọ̀rẹ́ oko ni ẹ fi pa; owó rẹ̀ yóò sì yọ lára owó òwú yín.