Oòrùn Tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bá rí àwòrán Solarium tí NASA Goddard ṣe ní Greenbelt níhìn-ín lè bi yín pé: ṣé bí oòrùn ṣe rí nìyẹn?

Iṣẹ́ ọnà ni. Oòrùn á kún ògiri, á máa hó bí ọbẹ̀ lórí iná. Ẹ̀rọ tí wọ́n rán lọ sí òfuurufú ní 2010 ló ya àwọn àwòrán náà. Irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí ló ń yà. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀. Ènìyàn ló wá yan àwọ̀ fún un.

Ṣé irọ́ ni, nígbà náà? Rárá o. Ìwé kò kúkú lóhùn, síbẹ̀ àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá ń fi ibi tí ohùn gbé gòkè hàn wá. Níbi tí àwòrán ti tàn jù, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ti pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn: kí wọ́n má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn gan-an láti wá àwọ̀ wọ̀nyí. Ó ń ba ojú jẹ́.