Ìhùmọ̀ àti Ìrà: Ọ̀rọ̀ fún Bàálù Ajubọ́ǹbù Afòjìnnà

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- tí ó bí apẹja àti akọrin ni ó bí ajubọ́ǹbù. Afòjìnnà tẹ̀ lé ìlànà kan náà: bàálù tí ó lè rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó tún gba epo ni. Ọ̀rọ̀ tí ó le ni èyí tí ó jẹ mọ́ bí irú bàálù bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ohun ìní ìjọba.

Ìdàgbàsókè ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu atúmọ̀-èdè. Kò bá a mu. Ọmọ a máa dàgbà, ìlú a máa gòkè. Ẹ̀rọ kì í dàgbà. Ìhùmọ̀ ni ó yẹ fún gbogbo iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe láti orí àwòrán títí dé orí dídán àkọ́kàn rẹ̀ wò. Ìrà ni ti gbígba àwọn tí ó tẹ̀ lé e àti sísan owó wọn. Ìrà sì sàn ju rírà lọ níhìn-ín, nítorí pé òun àti ìhùmọ̀ jọ ní àfòmọ́ ì-.

Ẹ jẹ́ kí a wo B-2 ti Amẹ́ríkà, tí ó kọ́kọ́ fò ní 1989. 132 ni wọ́n pète. Nígbà tí ìfigagbága pẹ̀lú Sófíẹ́ẹ̀tì parí, 21 péré ni wọ́n ní. Ní ìdíwọ̀n owó 1997, owó ìrà ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó bílíọ̀nù 1 dọ́là. Bí a bá pín owó ìhùmọ̀ mọ́ ọn, ó ju bílíọ̀nù 2 lọ. Ẹni tí ó bá kọ “iye owó bàálù” lásán kò tíì sọ èyí tí ó ń wí.

Ti B-21, tí a gbé fún Northrop Grumman ní October 2015, tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré tán, 100 ni wọ́n pète láti rà. Ní abala ìhùmọ̀, ìjọba ń san owó tí iṣẹ́ náà bá ná ilé-iṣẹ́ padà fún un. Ní abala ìrà, iye owó ọ̀wọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàálù náà kọ́kọ́ fò ní 10 November 2023. Ní January 2024, ilé-iṣẹ́ náà kéde àdánù tí ó ju bílíọ̀nù 1.5 dọ́là lọ lórí àwọn ọ̀wọ́ wọ̀nyí, nítorí pé kíkàn wọn yóò ná an ju iye àdéhùn lọ. Bí ó bá ṣe pé abala ìhùmọ̀ ni ìnáwó náà ti pọ̀ sí i, ọrùn ìjọba ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ì bá wà. Ìròyìn tí ó pe abala méjèèjì ní ìdàgbàsókè kò lè jẹ́ kí òǹkàwé mọ ẹni tí ó ru ẹrù náà.