Bí Àìsàn Ọpọlọ Bá Kọlu Òbí ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ Oyèmẹkùn, ẹ̀yin ọmọ Oǹdó Ẹ̀kímọ̀gún tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí ìlú ọba, ẹ mọ̀ pé bí abísínwín bá mú ìyá ìkókó nílé wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá ọkọ yóò ti gbé ọmọ pọ̀n, tí àwọn ìyàwó ilé yóò pín àwọn ọmọ yòókù sí yàrá wọn, tí àwọn àgbà yóò sì máa wá ẹni tí yóò wo aláìsàn kiri. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ta ló láṣẹ lórí ọmọ, nítorí ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Igba ojú náà kò sí nínú yàrá kan tí ẹ háyà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ló dúró sí ipò ẹbí níbẹ̀, òfin kò sì mọ oríkì ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn ọpọlọ nìkan kò tó kí adájọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ohun tí Òfin Ọmọdé ti ọdún 1989 ní kí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, fi ẹ̀rí hàn ni pé ìpalára ńlá ti bá ọmọ, tàbí pé ó fẹ́ bá a, nítorí irú ìtọ́jú tó ń rí. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá ti dé kóòtù, ẹ má retí kó fà bí ẹjọ́ ilẹ̀ wa, tí baba ń bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ ń parí: ọ̀sẹ̀ 26 ni òfin fún un, bí wọ́n bá sì ti fi ọmọ fún ẹlòmíràn ṣe ọmọ pátápátá, ìyá tí ara rẹ̀ yá lọ́dún kejì ti pẹ́ jù. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1997 ní kí ìjọba gbé ẹjọ́ láti gba ẹ̀tọ́ òbí bí ọmọ bá ti lo oṣù 15 nínú oṣù 22 lọ́dọ̀ alágbàtọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè yọ ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹbí sílẹ̀; òfin New York sì dárúkọ àìsàn ọpọlọ gan-an gẹ́gẹ́ bí ìdí tí wọ́n fi lè gba ẹ̀tọ́ náà.

Ìtìjú ló ń pa wá. “Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ”: nítorí ọ̀rọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ìkókó wò nílé yóò kanlẹ̀kùn, ọkọ yóò ṣí i díẹ̀, yóò ní ìyàwó òun ń sùn, bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí wọn yóò kọ sínú fáìlì ni pé ìdílé náà kọ ìrànlọ́wọ́. Ẹ sọ fún agbẹ̀bí àti dókítà yín ní kùtùkùtù. Àwọn wọ́ọ̀dù kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá àti ìkókó ti jọ ń sùn, kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa, nítorí ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn gbé láàrin ará abúlé ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tòun ti ẹbí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí káńsù bá gbé ẹjọ́ dé kóòtù, lọ́yà òbí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà lówó. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé kí káńsù gba ọmọ sọ́dọ̀ kí lọ́yà tó rí i. Ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 láìsọ fún káńsù. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú káńsù ni kí ẹ ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ẹbí tó lè gba ọmọ tọ́, títí kan ìyá àgbà tó wà ní Òkè Àró ní Àkúrẹ́, kí káńsù lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò.