Ìkòkò ọbẹ̀ Yoda àti iyọ̀ Afùwàpẹ́



Ọmọ awo mi kan wá bá mi lóṣù tó kọjá. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà níbi iṣẹ́, ó ní kí n tẹ òun nífá kó tó parí. "Bàbá, mo ti ṣe tán. Bíi ti Luke Skywalker ni. Ìpè dé, mo sì ti jẹ́ ẹ."

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n mi ò bá a wí. Òótọ́ wà níbẹ̀. George Lucas tó ṣe Star Wars ní 1977 ti ka ìwé Joseph Campbell, The Hero with a Thousand Faces, tó jáde ní 1949. Ohun tí Campbell wí ni pé ọ̀nà kan náà ni ìtàn akọni ń gbà káàkiri ayé: á kúrò nílé, á kojú ìdánwò, á padà wá ní ẹni ọ̀tun.

Mo ní kó lọ tún wo The Empire Strikes Back (1980), kó fi idà iná sílẹ̀, kó wo ìkòkò ọbẹ̀. Luke ń wá ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ. Ẹ̀dá kúkurú kan, elétí gbọọrọ, ló bá nínú irà Dagobah. Ìyẹn ní kó jókòó, kó jẹun ná. Luke ń kánjú, ó ń bínú. Àṣé ọ̀gá tó ń wá náà ló ń se ọbẹ̀ fún un.

Ó dọwọ́ Ifá, nínú Ogbègúndá. Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Afùwàpẹ́ nìkan ló yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, wọ́n sì bù díẹ̀ fún un dání. Lọ́nà, ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Kò yọ ṣùtì sí i, iyọ̀ ló bù fún un. Adùn iyọ̀ yẹn ló mú kí oníbodè tú àṣírí: Àjàlá jẹ gbèsè, bí olówó bá dé, òkè àjà ló ń sá sí. (Ẹ̀yin tó ń kọ́ èdè, abẹ́ òrùlé là ń pè ní àjà níbí, kì í ṣe ajá tó ń gbó o!) Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sì bá a yan orí tó dáa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá yan tiwọn, èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò jẹ ẹ́ dànù lọ́nà.

Ibi tí èmi àti Campbell ti pínyà nìyí. Ó ká akọni mọ́ ìrìn ara rẹ̀ jù. Iyọ̀ tó la ọ̀nà fún Afùwàpẹ́, ilé bàbá rẹ̀ ló ti gbé e wá, àwọn tó dífá ló sì sọ ohun tí yóò ru. Luke ní tirẹ̀ sá kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ láti lọ gba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ kan sì gé níbẹ̀.

Ọmọ náà padà wá. Ó lóun ti rí i. "Ìgbà wo wá ni, Bàbá?"

Mo ní kó jókòó ná, ọbẹ̀ ń bẹ lórí iná.